Níbo ni Dò Wà? Ìlù, Sáyẹ́ǹsì àti Ohùn Èdè Wa

Lójú ewé Yorùbá yìí, òwe, oríkì àti àkọtọ́ la sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí á jọ wo bí orin àti sáyẹ́ǹsì ṣe so mọ́ra, ṣùgbọ́n n kò ní í gbé yín lọ sọ́nà jíjìn. Ibi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń bá àwọn méjèèjì pàdé lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ gbà, ìyẹn ohùn. Àṣìṣe tèmi fúnra mi ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é.

Ní ọdún kejì mi, wọ́n fún wa níṣẹ́ pé kí oníkálukú gba ohùn èèyàn méjì sílẹ̀, kí ó sì sọ irú ohùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo gba ohùn ara mi. Mo gba ti ìyá ìyá mi, tí a jọ ń gbé ní Godomey. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kíláàsì àkọ́kọ́, a sì kọ́ do, ré, mi nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo dé yunifásítì tí mo gbọ́ pé Yorùbá náà ní dò, re, mí, inú mi dùn. Mo ní, èyí mo mọ̀! Mo wá dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì, mo gbé e síwájú, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá nóòtì do nínú ohùn wa. Mo wá a tì. Èyí tó tún pa mí láyò ni pé dò ìyá àgbà ga ju mí tèmi lọ. Kí ni kí n ṣe? Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà pé àgbàlagbà tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ yìí kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé ọwọ́ mi, olùkọ́ ti fi báírò pupa kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: «Báwo lẹ wá ṣe ń gbọ́ ara yín nílé?»

Ìbéèrè yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Dò, re, mí tí a fi ń pe ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Guido ará Arezzo, ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ítálì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni ó fi sílébù ut, re, mi, fa, sol, la kọ́ àwọn akọrin, kí wọ́n lè wo ìwé kọ orin tí etí wọn kò gbọ́ rí. Nígbà tó yá, do gba ipò ut. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó pín sí méjì. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, do jẹ́ orúkọ nóòtì kan pàtó. Ó ní ibi tó jókòó sí lórí dùùrù, kì í kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1840 sókè, John Curwen tan ọ̀nà mìíràn kálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tonic sol-fa. Nínú èyí, do kò ní ibùjókòó. Ibi tí orin bá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ni do wà. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá gbé orin sókè, do á bá wọn gòkè. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, do á bá wọn bọ̀.

Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn ìjọ Ọlọ́run gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá ní apá Nàìjíríà, òun sì ni ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ fi ń kọ́ orin títí di òní. Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Orúkọ tí àwọn ará Nàìjíríà fún ohùn èdè wa, inú ọgbọ́n do tó ń rìn ni ó ti wọlé. Èmi tí mo kàwé ní ìhà ìhín ẹnubodè ń fi do tí kì í rìn wá a. Èdè kan náà, ilé ẹ̀kọ́ méjì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti fi dùùrù wá ohùn Yorùbá rí, kò burú, a pọ̀.

Do tó ń rìn pàápàá kò tíì bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀. Nínú orin, bí do ṣe jìnnà sí re ti ní ìwọ̀n. Kò yí padà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tí inú ń bí a máa fẹ àlàfo àárín dò àti mí gan-an, ẹni tó ń sùn lọ á fún un pọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Síbẹ̀ ohùn náà kò yí padà. Ó kàn jẹ́ pé dò, re, mí rọrùn lẹ́nu ni. Samuel Ajayi Crowther kò lo orúkọ orin rárá nígbà tó tẹ gírámà rẹ̀ jáde ní 1852. Àmì tó dà sí òsì àti èyí tó dà sí ọ̀tún ló fi sórí fáwẹ́lì láti tọ́ka sí ohùn, a kò sì tíì fi àmì wọ̀nyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ orin àti ohùn yìí yé mi kì í ṣe oníwèé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò wa, àwọn onílù mẹ́ta wá, ìyáàlù dùndún wà lọ́rùn àgbà wọn. Nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun, mo lọ kí wọn.

«Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Níbo ni dò wà lára ìlù yín?»

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. «Dò wo?»

«Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo ń wí.»

«Ọmọ mi, ibi tí mo bá fi í sí náà ni.»

Mo rò pé wọ́n ń lé mi lọ ni, àfi bí wọ́n ṣe nu ọwọ́ tí wọ́n fa ìlù mọ́ra. Wọ́n dẹ apá, wọ́n lu «Ẹ káàbọ̀». Wọ́n wá fún ìlù náà mọ́ ìhà gírígírí, wọ́n tún lù ú, gbogbo rẹ̀ sì ti gòkè. Dò ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ga ju mí ti àkọ́kọ́ lọ, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi gẹ́lẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn sọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní «Ẹ káàbọ̀» náà ni. Wọ́n ní, «Ìwọ náà gbọ́ ọ, o tún ń bi mí.» Wọ́n wá lu «Ẹ jókòó» lé e, obìnrin kan tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn sì jókòó, kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ là ń kọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjèèjì dáadáa, torí a ó padà síbẹ̀. «Ẹ káàbọ̀» jẹ́ re mí dò dò. «Ẹ jókòó» jẹ́ re mí dò mí. Ìgbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀. Ìlù kò sọ kọ́ńsónáǹtì kankan, kò sọ fáwẹ́lì kankan, síbẹ̀ ẹnìkan jókòó.

Báwo ni apá àgbà onílù yìí ṣe ń ṣe é? Ibi tí sáyẹ́ǹsì ti wọlé nìyí, ìtàn ibẹ̀ sì dùn. Dùndún ní awọ lójú méjèèjì, okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọsán sì so ojú kan mọ́ èkejì. Bí apá bá fún ọsán, awọ méjèèjì á le sí i, ìró á gòkè. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ìbéèrè ni pé: bí a bá fẹ́ kí ìró gòkè ní ìlọ́po méjì, ṣé ìlọ́po méjì ni kí a fi fún awọ náà?

Fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní Pythagoras, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, gba ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ kọjá, ó gbọ́ bí òòlù wọn ṣe ń dún, ó lọ so ìwúwo mọ́ okùn, ó sì rí i pé ìwúwo ìlọ́po méjì ń fúnni ní ìró ìlọ́po méjì. Ìwé ń dà á kọ láti ara ìwé. Kò sí ẹni tó so òkúta mọ́ okùn láti wò ó, àfi ìgbà tí ó kan Vincenzo Galilei, olórin kan ní ìlú Florence tó ń ta ohun èlò olókùn, bàbá Galileo tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1589, ó kọ ọ́ jáde pé irọ́ ni: ìlọ́po mẹ́rin ni ìwúwo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìró tó lè di ìlọ́po méjì. Ní 1636, Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé, tẹ òfin náà jáde ní kíkún nínú ìwé ńlá kan lórí orin. Lójú tèmi, ìtàn yìí ṣe pàtàkì ju ìtàn òòlù alágbẹ̀dẹ lọ. Olórin tó mọ bí okùn ṣe ń le lábẹ́ ìka ni kò gbà fún ìwé. Ọmọ rẹ̀ sì dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń so ìwúwo mọ́ okùn láti mọ òótọ́.

Òfin okùn yìí kan náà ló de awọ ìlù nínú ìwé físíìsì, ó kéré tán fún awọ lásán tí a kò ro afẹ́fẹ́ inú igi rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní dò onílù kan ń gbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, re ní 125, mí ní 150. Láti dò dé re, líle awọ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 1.56. Láti dò dé mí, yóò di 2.25. Àlàfo kan náà ni ní iye, 25 àti 25, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kejì ń gba agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Apá onílù ti mọ èyí láìṣe ìṣirò. Ó mọ̀ pé bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni owó orí rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ohun kan wà tí awọ fi yàtọ̀ sí okùn. Okùn tí ń gbọ̀n a máa fi ìró kéékèèké kún ìró ńlá rẹ̀, ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, létòlétò. Ti awọ lásán kò tò bẹ́ẹ̀: 1.59, 2.14, 2.30, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìró ọ̀pọ̀ ìlù fi máa ń ṣe bí ariwo, tí kò mọ́ bíi ti okùn. C. V. Raman, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930, ti wo ọ̀rọ̀ yìí ní 1920 lára ìlù ilẹ̀ tirẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun dúdú tí àwọn onílù Íńdíà ń lẹ̀ mọ́ àárín awọ ló ń mú kí ìró kéékèèké wọ̀nyẹn tò bíi ti okùn. Àwọn onílù tiwa náà ń lẹ ìda mọ́ ojú bàtá àti gúdúgúdú. Ọmọ Íńdíà náà kò dúró de àlejò kí ó tó bi ìlù ilé rẹ̀ léèrè. Èyí wù mí gidi.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lára ìlù bọ́ sí ọ̀fun. Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà. Nígbà tí èémí bá ń gba àárín wọn kọjá, wọn a máa pàdé, wọn a máa ṣí, ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iṣan bá fà wọ́n le, wọ́n á yára, ohùn á gòkè. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ọsán ni? Tán-án-ná àwọn ọkùnrin gùn, ó sì nípọn ju ti obìnrin lọ, ìdí nìyí tí ohùn wọn fi wálẹ̀: bí ìgbà 100 sí 120 fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bíi 200 fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ti ọmọdé tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàyí o, ká ní tèmi jẹ́ 100, 125, 150 fún dò, re, mí. Ká ní ti ìyá àgbà jẹ́ 180, 225, 270. Dò tiwọn ga ju mí tèmi lọ lóòótọ́. Dùùrù mi kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi 100 pín 150, kí ẹ sì fi 180 pín 270. Ọ̀kan náà ni, 1.5. Etí wa kì í ka iye, ìpín ló ń kà. Èyí ló fà á tí orin kan náà fi ń jẹ́ orin kan náà lẹ́nu bàbá àti lẹ́nu ọmọ, òun náà ló fà á tí èmi àti ìyá àgbà fi ń gbọ́ ara wa.

Nígbà kan, kò sí ẹ̀rọ tó lè wo tán-án-ná lẹ́nu iṣẹ́ láìki nǹkan bọ ọ̀fun. Ní 1957, Philippe Fabre, ará Faransé, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀. Ó fi irin pẹlẹbẹ kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò lẹ́yìn ara, iná mànàmáná tí kò lágbára rárá ń gba ọrùn kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Bí tán-án-ná bá pàdé, iná á kọjá wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ṣí, ọ̀nà á há. Ẹ̀rọ á wá ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pè é ní glottographe.

Irú ìwádìí ohùn bẹ́ẹ̀ kan ìhà ọ̀dọ̀ wa náà. Gilbert Rouget, ẹni tó ń ṣe ìwádìí orin ní Musée de l'Homme ní Paris, tó kú ní 2017 lẹ́yìn tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ti ń ṣiṣẹ́ lórí orin ààfin Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ní 1964, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde. Iṣẹ́ náà kan ohùn èdè Gùn, tí àwa ń pè ní Ègùn. Nínú rẹ̀, ó fi ohùn èdè yẹn wé ohùn ìlù. Olùwádìí orin ni o! Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ìlù Àjàṣẹ́ ń wí láìkọ́kọ́ mọ ohun tí tán-án-ná àwọn ará Àjàṣẹ́ ń ṣe. Èdè Gùn kò sì rọrùn, torí nínú rẹ̀, bíi ti Fọ̀n, kọ́ńsónáǹtì akùnyùn bíi b, d, z a máa fa ohùn tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Etí lásán lè ṣi irú èyí gbọ́, kó pe ohùn kan ní méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ takisí kọjá Àjàṣẹ́ lọ Sákẹ́tẹ́ tàbí Kétu lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìlú yẹn ní irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn iṣẹ́ wa títí mo fi wọ ilé ìkàwé láti sá fún òjò.

Ó kù ohun tí ìlù ń jù sílẹ̀. Ìlù mú ohùn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀-orúkọ onísílébù méjì tó fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù ní Yorùbá. Ohùn òkè kì í wà lórí fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ wọn, nítorí náà dò tàbí re ló lè ṣáájú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè tẹ̀ lé e. Mẹ́fà péré nìyẹn: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́. Ó tán! Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tó jẹ́ irú wọn gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kan nínú yàrá mẹ́fà yìí. Bí onílù bá lu re mí, ṣé ọkọ́ ni, ṣé owó ni, ilé ni, àbí ọjọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀.

Onílù kì í ti ibẹ̀ lọ. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ gùn. Pẹ̀lú ohùn mẹ́ta, sílébù méjì lè tò ní ọ̀nà 9, márùn-ún ní 243, mẹ́jọ ní 6,561. Bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni iye gbólóhùn mìíràn tó lè bá a dọ́gba létí olùgbọ́ ń dín kù. John Carrington, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Kóńgò, kọ nípa irú èyí ní 1949 láàárín àwọn Kele, tí ohùn méjì péré wà lára ìlù wọn. Ohùn méjì kò lè ṣe ju ọ̀nà 256 lọ fún sílébù mẹ́jọ, nítorí náà wọn kì í lu orúkọ nǹkan lásán, odindi gbólóhùn àdámọ̀ ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, 1948, Claude Shannon ní Amẹ́ríkà ti fi ìṣirò hàn pé bí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà bá kún fún ariwo, àfikún tó dà bí àṣerégèé ni yóò gbà á là. Tẹlifóònù ni Shannon ń rò. Àwọn Kele ti ń san owó yẹn fún ìlù wọn láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní tẹlifóònù.

Èyí ló jẹ́ kí n yé bínú sí oríkì tó gùn. Mo ti máa ń rò pé ẹwà lásán ni gbogbo àfikún yẹn. Ẹwà ni, ṣùgbọ́n nínú ẹnu ìlù, ó tún jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kò fi ní sọnù: olùgbọ́ tó ti mọ oríkì náà kò nílò láti wá gbogbo ayé kiri, ó kàn ń yàn láàárín ohun tó ti wà nílé. Obìnrin ẹnu ilẹ̀kùn wa náà, ṣé ìlù nìkan ló mú un jókòó? Ibi àpèjẹ ni, àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí gbólóhùn re mí dò mí mìíràn tó tọ́ sí i níbẹ̀.

Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ méjì jáde tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀kan, wọ́n fi ìlù dùndún fún àwọn èèyàn gbọ́, àwọn kan mọ dùndún, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bi wọ́n pé èwo ló ń sọ̀rọ̀, èwo ló ń kọrin lásán. Àwọn tó mọ ìlù náà yà wọ́n sọ́tọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì náà gbá nǹkan mú, torí bí ìró ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ àti bí àkókò rẹ̀ ṣe ń lọ ti ń fi hàn. Nínú èkejì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu wé ti ìlù, wọ́n sì rí i pé ìlù kò dúró lórí ohùn mẹ́ta lásán: ó ń tẹ̀ lé yíyọ́ ohùn pàápàá.

Yíyọ́ wo? Ẹ padà sí «Ẹ jókòó». Ní Yorùbá, ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gun òkè bọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé ohùn òkè náà a máa ti òkè yọ́ wálẹ̀. Nínú gírámà, òkè ni, ìsàlẹ̀ ni, ó parí. Lẹ́nu èèyàn, òkè ọ̀tọ̀ ni. Àgbà onílù wa, kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ lu awọ fún sílébù ìgbẹ̀yìn náà, apá wọn sì ń fún ọsán bí awọ ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́, ìró náà sì gòkè bí ẹni tó ń gun àkàbà. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní òfin yìí nínú kíláàsì. Bàtá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí apá kì í fún un. Àwọn onílù rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú ojú ìlù méjèèjì, Amanda Villepastour sì ti kọ odindi ìwé lórí ìyẹn ní 2010. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti dùndún, ìwé Akin Euba tó jáde ní 1990 ni kí ó wá.

Níbi tí mo ti ń bá àwọn kan jà nínú wa nìyí. Ẹ má sọ pé onílù «ti mọ fonọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀», bí ẹni tó ń ṣe é láàánú. Fonọ́lọ́jì ń béèrè ohun tó ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Onílù ń dáhùn ìbéèrè tó le ju ìyẹn lọ: kí ni mo lè jù sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí èèyàn yóò sì ṣì gbọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ṣeé wọ̀n. T. K. E. Phillips, tó fi ọdún púpọ̀ tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ti Èkó, wo irú ìbéèrè yìí láti ẹ̀yìn nínú ìwé kékeré tó tẹ̀ jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó rí i pé orin ìsìn tí wọ́n kó láti Yúróòpù ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí orin bá gbé sílébù kejì «ọkọ» sókè, kò sí ọkọ mọ́, ọkọ́ ló kù níwájú ìjọ.

Iṣẹ́ wa wá kù. Praat wà, Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àgbà sì lè gbé e. Ẹ gba «Ẹ káàbọ̀» àti «Ẹ jókòó» sílẹ̀ lẹ́nu ara yín, lẹ́nu ẹni tó dàgbà jù nínú ilé àti lẹ́nu ọmọdé kan. Bí ẹ bá rí onílù, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn dáadáa, ẹ gba ti ìlù náà. Kí ẹ tó wo ìlà ohùn, ẹ fún Praat ní ààlà tó yẹ: 75 sí 300 fún ọkùnrin, 100 sí 500 fún obìnrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fò sí ìlọ́po méjì tàbí ìdajì, ẹ ó sì kọ ọ́ jáde pé ẹnìkan kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ má fi Hertz ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn ní tààrà. Ẹ fi dò olúkúlùkù pín re àti mí tirẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba gbólóhùn gígùn kan tí mí àti dò ń gba ara wọn lọ́wọ́ léraléra. Ẹ ó rí i pé mí ìgbẹ̀yìn kò ga tó mí àkọ́kọ́. Ohùn Yorùbá a máa rẹlẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bóyá apá onílù ń bá a rẹlẹ̀ tàbí ó ń dúró síbì kan. Mo ti gba ti ìyá àgbà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má tún kọ ọ́ mọ́ pé àwọn kò ní ohùn.